Ẹ Jẹ́ Kí Ẹ̀lú Rí Ibi Fara Tì

Ìtàkùn ni ẹ̀lú tí wọ́n fi ń ṣe aró, ìdílé kan náà ni òun, ẹ̀wà, sèsé àti wèrèpè sì ti wá. Ó máa ń gun igi lọ sókè, òdòdó rẹ̀ á sì yọ ní ṣírí-ṣírí. Ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ ni àwọn aláró Abẹ́òkúta mọ̀ ọ́n fún. Wọ́n á gún ewé tútù lódó, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á wá rẹ ẹ́ sínú omi eérú fún ọjọ́ mélòó kan. Bí aṣọ bá kọ́kọ́ jáde nínú ìkòkò aró, àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Atẹ́gùn tó fẹ́ sí i ló ń sọ ọ́ di aró.

Irú ìtàkùn yìí ni katakata ń hú dànù bí ilé ṣe ń gba igbó ní Mowe, Ibafo àti Ifo. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ti kó àwọn tí owó ilé Èkó ga jù fún wá sí Mowe àti Ibafo. Ifo sì wà lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta, níbi tí àdìrẹ ti gbajúmọ̀ jù. Èrò mi ni pé ó yẹ kí àwọn tó ń kọ́lé níbẹ̀ gbin ẹ̀lú sétí ọgbà wọn, kí aláró tó bá fẹ́ ewé lè rí i já.

Àwọn kan lè ní aró òyìnbó ti wà, kí la tún ń wá ewé fún? Òótọ́ ni pé ilé-iṣẹ́ BASF ti Jámánì ti ń tà á láti 1897, ohun tó ń pa aṣọ láró nínú rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ti ẹ̀lú. Abẹ́òkúta ti jà sí ọ̀rọ̀ yìí rí. Láàárín ọdún 1930 sí 1940, Aláké Ladapo Ademola fòfin de aró òyìnbó àti sódà tí wọ́n ń lò dípò omi eérú, ọ̀pọ̀ aláró sì kọ̀ jálẹ̀. N kò dá àwọn aláró náà lẹ́bi: iṣẹ́ ewé ń gba àkókò, ó sì ń gba agbára. Àmọ́ sódà ń jó ọwọ́, owó aró òyìnbó sì ń jáde nílùú. Àwọn kan ṣì ń wá aṣọ aró ewé; iṣẹ́ tí Nike Okundaye, oníṣẹ́ ọnà àdìrẹ, ti ń ṣe láti ọdún pípẹ́ ní Òṣogbo fi èyí hàn. Bí ẹ̀lú bá run, aláró tó fẹ́ ta irú aṣọ bẹ́ẹ̀ kò ní rí ohun tí yóò fi ṣe é.

Àwọn mìíràn á ní ilẹ̀ pulọ́ọ̀tì kan kéré jù. Ẹ̀lú tí wọ́n bá ń gé déédéé kì í fẹjú. Etí ògiri tó fún á gbà á, gígé yẹn náà ló sì ń mú ewé tuntun jáde. Kí ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò kọ̀ọ̀kan bẹ àwọn àgbẹ̀ tó mọ̀ ọ́n pé kí wọ́n ká èso rẹ̀ fún gbígbìn kí katakata tó dé.