Bí Ẹ̀rọ Bá Ń Purọ́ fún Ẹ̀rọ

Àkúrẹ́ ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ìgbì afẹ́fẹ́ la sì gbé wá lónìí.

Láàárín 470 sí 694 MHz, níbi tí tẹlifíṣọ̀n ti ń ṣiṣẹ́, àwọn ṣánẹ́ẹ̀lì kan wà tí ẹnikẹ́ni kò lò ní àdúgbò kan. A lè fi àyè òfo yẹn gbé íntánẹ́ẹ̀tì dé àwọn abúlé tó wà láàárín Àkúrẹ́ sí Oǹdó, torí ìgbì yìí máa ń rìn jìnnà, ó sì ń la igbó kọjá ju ti Wi-Fi lọ. Irú iṣẹ́ yìí ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe ìlànà IEEE 802.22 ní 2011.

Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ló ni àyè. Kí ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì tó lò ó, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá wọ́n wà lórí afẹ́fẹ́; ọ̀nà kan tó lè gbà mọ̀ ni kó tẹ́tí. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé òkè lè dí ẹ̀rọ kan, kó má gbọ́ nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ púpọ̀ fi ń tẹ́tí pọ̀, tí wọ́n ń jábọ̀ fún ojúkò kan. Àwọn àgbà ṣáà ní agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ibẹ̀ ni irọ́ ti ń wọlé. Ẹnìkan lè ní "wọ́n wà níbẹ̀" kí gbogbo ẹ̀rọ lè sá fún un, kó sì máa dá a lò. Ẹlòmíràn lè ní "ó ṣófo," kí àwọn tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í da àwòrán tẹlifíṣọ̀n àwọn ará Oǹdó rú.

Ẹ jẹ́ ká ní ẹ̀rọ márùn-ún ni. Bí a bá ní ìkìlọ̀ ẹyọ kan ti tó, òpùrọ́ kan ṣoṣo lè lé gbogbo yín jáde. Bí a bá ní ká tẹ̀lé ohùn mẹ́ta, òpùrọ́ méjì àti olóòótọ́ kan tí òkè dí ti di mẹ́ta nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ohùn nìkan kò lè gbà wá.

Ní 2008, Ruiliang Chen, Jung-Min Park àti Kaigui Bian ní Virginia Tech, Amẹ́ríkà, dábàá pé kí a máa fún ẹ̀rọ ní máàkì. Èyí tí àbọ̀ rẹ̀ bá ìdájọ́ mu, máàkì rẹ̀ á lọ sókè. Èyí tó yà, tirẹ̀ á wálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹgbẹ́ èésú ṣe ń mọ ẹni tó ń dá owó lásìkò.

Ọgbọ́n yìí dára, àmọ́ ó ku síbì kan. Bí àwọn òpùrọ́ bá pọ̀ ju olóòótọ́ lọ, àwọn ni yóò máa gba máàkì. Ẹ̀rọ abúlé tí òkè dí náà yóò sì dà bí òpùrọ́, bẹ́ẹ̀ torí irú abúlé yẹn gan-an la ṣe gbé iṣẹ́ yìí kalẹ̀.

Lójú tèmi, ó yẹ kí ojúkò máa bi ẹ̀rọ ní ìbéèrè tí òun ti mọ ìdáhùn rẹ̀, láìsọ fún wọn pé ìdánwò ni: ṣánẹ́ẹ̀lì tó dájú pé ó wà lórí afẹ́fẹ́, àtèyí tó dájú pé ó ṣófo. Ẹni tí òkè dí lè má gbọ́ èkíní, ṣùgbọ́n kò ní pariwo "wọ́n wà níbẹ̀" lórí èkejì. Kí ojúkò sì jẹ́ kí ẹ̀rọ tí máàkì rẹ̀ já lè gbà á padà.

Ẹ kọ èrò yín ránṣẹ́ sí wa. Ó dìgbà kan ná.