Ọwọ́ Kejì: Iṣẹ́ Sẹ́tà Nínú Fọ́líbọ́ọ̀lù

Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni òfin fọ́líbọ́ọ̀lù gba ẹgbẹ́ kan láyè láti fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù kó tó padà sí òdìkejì àwọ̀n. Ẹni àkọ́kọ́ á gbà á kó má baà kanlẹ̀. Ẹni kẹta á fò sókè, á gbá a mọ́lẹ̀, àwọn òǹwòran á sì hó yèè. Ẹni tó wà láàárín àwọn méjèèjì, tó fi orí ìka gbé bọ́ọ̀lù sókè bí ẹni gbé ẹyin, ni sẹ́tà. Ní Libreville ní Gabon àti níbi gbogbo tí wọ́n ti ń sọ èdè Faransé, passeuse ni wọ́n ń pè é tó bá jẹ́ obìnrin. Kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ ayò fúnra rẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tí bọ́ọ̀lù ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá tó o nínú ẹgbẹ́.

Iṣẹ́ yìí le ju bó ṣe rí lójú lọ. Kí bọ́ọ̀lù tó dé ọwọ́ sẹ́tà, ó ti gbọ́dọ̀ mọ èwo nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ti múra, ibi tí àwọn alátakò kóra jọ sí lẹ́bàá àwọ̀n, àti bóyá bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbà fún un ṣeé lò tàbí kò ṣeé lò. Kò ní tó ìṣẹ́jú àáyá kan láti fi pinnu. Gbogbo agbábọ́ọ̀lù ló sì ń yí ipò padà nínú pápá, sẹ́tà náà ò gbẹ́yìn. Tó bá bọ́ sí ìlà ẹ̀yìn, kò gbọ́dọ̀ dúró sí ààrin ìlà mítà mẹ́ta àti àwọ̀n kó wá gbá bọ́ọ̀lù tó ga ju àwọ̀n lọ sí òdìkejì. Síbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ sáré wá síwájú kó lè gbé e fún ẹlòmíì. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ńlá ló ń lo sẹ́tà kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wàhálà rẹfirí tún ń bẹ níbẹ̀: tí ọwọ́ méjèèjì ò bá kan bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan náà, fèrè á dún. Ọdún 2024 ni NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, dẹ òfin yìí fún àwọn obìnrin nígbà tí wọ́n bá ń fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kejì.

Amẹ́ríkà ni wọ́n ti dá eré náà sílẹ̀, lọ́wọ́ William G. Morgan ní ìlú Holyoke, lọ́dún 1895. Àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà náà ló sì di oko tí wọ́n ti ń gbin sẹ́tà. Òfin Title IX ti ọdún 1972 fún àwọn obìnrin ní ẹ̀tọ́ kan náà pẹ̀lú ọkùnrin nílé ẹ̀kọ́ tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀. Ọdún 1981 ni ìdíje fọ́líbọ́ọ̀lù obìnrin ti NCAA bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 30, oṣù kẹjọ, ọdún 2023, èèyàn 92,003 ló kún pápá ìṣeré Nebraska láti wo ẹgbẹ́ obìnrin yunifásítì náà. Ṣùgbọ́n èrò kọ́ ló ń sọ ọmọ di sẹ́tà. Ọdún mẹ́rin tó ń lò pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ kan náà ni, títí tó fi mọ bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe ń sáré àti bó ṣe ń fò. Misty May, tí gbogbo ayé mọ̀ sí ọ̀gá fọ́líbọ́ọ̀lù etíkun tó gba góòlù Òlíńpíìkì mẹ́ta, sẹ́tà ni ní Long Beach State. Lọ́dún 1998, eré 36 ni ẹgbẹ́ rẹ̀ gbá, wọn ò pàdánù kankan.

Alisha Glass ni àpẹẹrẹ irú sẹ́tà bẹ́ẹ̀ tó dájú jù. Ọmọ Leland ní Michigan ni, ìyá rẹ̀ ló sì kọ́ ọ ní eré náà nílé ẹ̀kọ́ girama. Nígbà tó dé yunifásítì Penn State, lábẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Russ Rose, ẹgbẹ́ náà gba ife orílẹ̀-èdè lọ́dún 2007, 2008 àti 2009. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2007 títí Glass fi jáde, wọ́n borí nígbà 102 léraléra. Ó ti lọ tán kí yunifásítì Stanford tó já okùn náà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2010, lẹ́yìn tó ti di 109.

Stanford yìí kan náà ni ọmọ Yorùbá kan wà tí ọ̀rọ̀ Glass kàn gbọ̀ngbọ̀n. Foluke Akinradewo, tí wọ́n bí ní Kánádà lọ́dún 1987, tó sì dàgbà ní Florida, ló ń gbá ipò àárín lẹ́bàá àwọ̀n. Ẹ̀ẹ̀mejì tẹ̀lé ara wọn ni òun àti Glass pàdé ní àṣekágbá NCAA, ọdún 2007 àti 2008. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni Glass borí.

Nígbà tó yá, wọ́n di ẹlẹgbẹ́ nínú ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni ohun tí sẹ́tà ń ṣe ti ń yéni jù. Ẹni tó ń gbá ipò àárín kì í dúró de bọ́ọ̀lù: ó ti máa ń fò tán kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ sẹ́tà. Tí sẹ́tà bá pẹ́ díẹ̀, afẹ́fẹ́ lásán ni ẹni tó fò náà á gbá. Folúkẹ́ ń fò, Glass ń gbé e bá a lókè. Lọ́dún 2014, ní Ítálì, wọ́n na Ṣáínà ní sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta sí ọ̀kan, àwọn obìnrin Amẹ́ríkà sì gba ìdíje àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́. Glass ni wọ́n dárúkọ ní sẹ́tà tó dára jù. Ní Òlíńpíìkì Rio, ọdún 2016, wọ́n gba bàbà, wọ́n sì tún yan Glass ní sẹ́tà tó dára jù, Folúkẹ́ náà wà lára àwọn àárín tó peregedé.

Nígbà tí góòlù dé ní Tokyo ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, Folúkẹ́ ti bí Káyọ̀dé, sẹ́tà rẹ̀ sì ti yí padà: Jordyn Poulter láti yunifásítì Illinois ni, Micha Hancock, ọmọ Penn State mìíràn, sì ràn án lọ́wọ́ nígbà tí ẹsẹ̀ ń dùn ún.

Kí ni èyí kan ọmọ PK12 ní Gabon? Àdúgbò yìí wà lójú ọ̀nà N1 tó jáde láti Libreville, ibi tí wọ́n ti ń fi kìlómítà sọ àdúgbò lórúkọ. Ọ̀nà yẹn náà lèèyàn kọ́kọ́ ń gbà tó bá ń lọ sí ìlú Oyem àti Bitam, títí dé ẹnu ààlà Cameroon, orílẹ̀-èdè tí àwọn obìnrin rẹ̀ gba ife fọ́líbọ́ọ̀lù Áfíríkà lọ́dún 2017, 2019 àti 2021. Gabon ní àjọ OGSSU tó ń bójú tó eré ìdárayá ilé ẹ̀kọ́ àti yunifásítì, ó sì ní ilé ìṣeré Palais des Sports tó gbàlejò ìdíje bọ́ọ̀lù ọwọ́ ilẹ̀ Áfíríkà ní ọdún 2018. Èyí tó rọrùn jù nínú ẹ̀kọ́ sẹ́tà kò béèrè ilé ńlá kankan: ògiri tó tẹ́jú àti bọ́ọ̀lù kan tó fún sẹ́tà láti máa fi orí ìka ta á, kó máa padà wá bá a. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó bá ń wá ẹni tí yóò fi síbẹ̀ kò yẹ kó kàn ṣa ọmọ tó kúrú jù nínú ẹgbẹ́, bí wọ́n ṣe sábà ń ṣe níbi púpọ̀. Glass ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, gíga yẹn sì wúlò, nítorí sẹ́tà tó bá bọ́ sí ìlà iwájú náà ní láti fò dí bọ́ọ̀lù àwọn alátakò.