Eruku Tí Ojú Kò Rí: Ìlera Akẹ́kọ̀ọ́ Nínú Yàrá Iṣẹ́ Káfíńtà

Ìfáárà

Pákó tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń fi sánpépà ha lónìí kì í sábà jẹ́ ojúlówó igi mọ́. Pilaiwúùdù ni, tàbí MDF, èyí tí wọ́n fi igi lílọ̀ àti gọ́ọ̀mù ṣe. Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé ewu tó wà nínú eruku wọn àti ojúṣe olùkọ́.

Bí eruku ṣe ń ṣe ìpalára

Eruku ńláńlá tètè ń balẹ̀, imú sì ń dá púpọ̀ nínú rẹ̀ dúró. Èyí tí kò tó maikiromítà 10 ni kò hàn sójú. Ó lè wà nínú afẹ́fẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Èyí tó kéré sí 4 lè wọ ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró lọ.

Ní àwọn ọdún 1960, àwọn dókítà ṣàkíyèsí pé jẹjẹrẹ inú imú pọ̀ láàárín àwọn tó ń ṣe àga ní agbègbè High Wycombe, ní England. Ní 1995, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ̀ ẹ́ jáde pé eruku igi ń fa jẹjẹrẹ. Ní 2004, ó sọ bẹ́ẹ̀ nípa formaldehyde, èyí tó sábà máa ń wà nínú gọ́ọ̀mù MDF.

Ojúṣe olùkọ́

Ibi tí eruku ti ń jáde ni kí a ti dènà rẹ̀. Kí a so ẹ̀rọ tó ń fa eruku mọ́ ẹ̀rọ tí a fi ń ha pákó. Bí kò bá sí, kí a ṣe iṣẹ́ náà ní ìta, níbi tí atẹ́gùn yóò ti gbé eruku kúrò lọ́dọ̀ gbogbo ènìyàn. A kò gbọdọ̀ fi ìgbálẹ̀ gbá eruku gbígbẹ; aṣọ tútù ni kí a fi nù ún. Áńkáṣíìfù tí a so mọ́ imú kò tó. Ìbòmú N95 tó lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa ló lè ranni lọ́wọ́, síbẹ̀ kò rọ́pò ìdènà àkọ́kọ́.

Ìkádìí

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Akẹ́kọ̀ọ́ wa lónìí ni yóò máa darí yàrá iṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama lọ́la. Ohun tó bá lọ́wọ́ wa ni yóò fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Bí a ti ń fún pákó tó dán ní máàkì, ẹ jẹ́ kí a máa fún ìdènà eruku náà ní máàkì.