Kẹ̀kẹ́ Àtijọ́: Ṣé Ká Tún Un Ṣe Ni, Tàbí Ká Ra Òmíràn?



Àwọn kan nínú yín máa ń mú kẹ̀kẹ́ tó ti pẹ́ nílé wá fún àwọn ọmọ òrukàn tí ilé ẹ̀kọ́ wọn jìnnà. Kí Ọlọ́hun gbà á ní iṣẹ́ rere. Àwọn mìíràn sì ń bi wá pé kí ló dé tí a fi ń tún àwọn kan ṣe, tí a ń kọ àwọn kan, tí a tún ń náwó ra òmíràn. Àlàyé rẹ̀ nìyí.

Férémù, ìyẹn egungun kẹ̀kẹ́, ni a kọ́kọ́ ń wò. Òjò agbègbè wa pọ̀, irin a sì máa dógùn-ún láti inú wá. A máa ń wo ibi tí àwọn irin ti pàdé, àti fọ́ọ̀kì iwájú. Bí fọ́ọ̀kì bá ti sán, a kì í tún un ṣe rárá, nítorí bó bá kán lórí eré, ojú ni ọmọ yóò fi lulẹ̀. Bí férémù bá le, ó ku ọ̀rọ̀ owó.

Kẹ̀kẹ́ Raleigh tí àwọn bàbá wa gùn lọ sí oko kòkó, Nottingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń ṣe é títí di ọdún 2002. Irin rẹ̀ nípọn, a kì í yá a kọ̀. Àmọ́ ó ní ìṣòro kan: níbi tí ọ̀pá pẹ́dà wọ̀ sí, ìlọ́ ara irin rẹ̀ jẹ́ 26 nínú íńṣì kan, ti ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ yòókù sì jẹ́ 24. Bí wọ́n bá fi agbára de ti ibòmíràn mọ́ ọn, férémù tó dára ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ṣéènì ńkọ́? Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n. Ojú ṣéènì 24 yẹ kó jẹ́ íńṣì 12 gééré. Bó bá fi 1/16 íńṣì lé, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá fi 1/8 lé, eyín tí ṣéènì ń kọ́ ti jẹ pẹ̀lú, ṣéènì tuntun yóò sì máa yọ̀ lórí rẹ̀. Báyìí ni nǹkan kan ṣe ń pe èkejì. Nítorí náà, a máa ń kọ gbogbo ohun tí kẹ̀kẹ́ fẹ́ sílẹ̀ kí a tó ra ẹyọ kan. Bí àpapọ̀ rẹ̀ àti owó iṣẹ́ bá ti súnmọ́ owó tòkunbọ̀ tó ń rìn dáadáa, tòkunbọ̀ la ó rà. Tuntun olówó pọ́ọ́kú tí irin rẹ̀ fẹ́lẹ́ kò wù wá.

A kì í ṣọ́wó ná lórí bíréèkì. Ore ni títì Oǹdó ti pàdé títì Èkó sí Benin, ọmọ tó sì ń ti Odigbo bọ̀, òun àti tírélà ni wọ́n jọ ń tọ ọ̀nà. Bí òjò bá pa ríìmù irin tó ń dán, bíréèkì kì í mú un dáadáa. Ti álúmíníọ̀mù sàn jù ú lọ.

Aaya 267 nínú Suuratul Bakọra kọ̀ fún wa láti máa ṣa èyí tí kò dára fi tọrẹ. Kẹ̀kẹ́ àtijọ́ kò sí nínú ìyẹn, lójú tiwa. Èyí tí olówó rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ọmọ tirẹ̀ gùn ló wà níbẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá fẹ́ mú kẹ̀kẹ́ wá, kó má kùn ún lọ́dà kó tó gbé e dé. Ọ̀dà tuntun máa ń bo ojú ibi tó sán.