Ta Ni Yóò Bi Olùyọ̀ǹda-ara-ẹni Léèrè?

Ọmọ ọdún mẹ́ta kan wà tí kò tíì lè dá jókòó. Gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń sáré kiri ojúde. Òun ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ọrùn rẹ̀ kò sì dúró dáadáa. Ní ìlú ẹ̀bá ààlà bí Ihunbo, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìpókíá, kì í pẹ́ kí ọ̀rọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tó ti inú ilé bọ́ sí ọjà. Àwọn kan á ní ìyá rẹ̀ rìn ní ọ̀sán gangan nígbà tí ó wà nínú oyún. Àwọn kan á ní ẹni òrìṣà ni, nítorí ìtàn àtijọ́ sọ pé Ọbàtálá ni ó mọ irú wọn ní ọjọ́ tí ó mu ẹmu yó, tí ó sì tìtorí bẹ́ẹ̀ fi wọ́n sí abẹ́ ààbò ara rẹ̀. Àwọn mìíràn á kàn pè é ní dìndìnrìn, wọn á sì bá tiwọn lọ.

Ohun tí ó kọ́kọ́ yẹ kí olùkọ́ mọ̀ ni pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ wèrè. Àìsàn ọpọlọ lè kọlu ẹni tí ara àti òye rẹ̀ ti dàgbà bí ó ti yẹ, ìtọ́jú sì lè mú un rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n akàndá ọmọ tí à ń wí yìí, láti inú oyún, tàbí ní ọjọ́ ìbí, tàbí ní ìgbà èwe ni ìdàgbàsókè rẹ̀ ti yà kúrò ní ọ̀nà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbà. Ó lè jẹ́ pé a bí i pẹ̀lú Down syndrome, èyí tí Jérôme Lejeune àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé fi hàn ní 1959 pé ẹyọ krómósómù kan tí ó lé ni ó ń fà á. Ó lè jẹ́ pé ìrọbí pẹ́ jù, tí afẹ́fẹ́ kò sì tó ọpọlọ rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ ibà apọ́njú ni ó mú un ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tí wọ́n ń gbé e sá sí oòrùn òwúrọ̀ nígbà tí ó yẹ kí ó ti dé ilé-ìwòsàn. (Káńfọ̀ tí a ń kó sáàárín aṣọ ọmọ tuntun máa ń dá kún ibà yìí lára àwọn ọmọ kan, ó yẹ kí àwọn aláboyún máa gbọ́ èyí ju bí wọ́n ti ń gbọ́ ọ lọ.) Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, kò sí èyí tí ìrìn ọ̀sán fà.

Kò sí oògùn tí yóò dá ọmọ náà padà sí bí àwọn yòókù ti rí. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni ó wà fún un: bí a ó ti gbé e jókòó kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà tẹ̀, bí a ó ti bọ́ ọ kí oúnjẹ má baà gba ọ̀nà ọ̀fun òdì, bí a ó ti na apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀, bí a ó ti pín ẹ̀kọ́ aṣọ wíwọ̀ sí ìgbésẹ̀ kéékèèké títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ ọdún púpọ̀ ni. Bí ìyá kan bá dá a ṣe, ọjà rẹ̀ yóò bàjẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ yòókù yóò sì di aláìnítọ̀ọ́jú.

Àwọn amọ̀ṣẹ́ tí wọ́n lè fi ọ̀nà han ìyá náà wà ní ilé-ìwòsàn ńlá ní Abẹ́òkúta tàbí Èkó, ọ̀nà sì jìn. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ti ààlà pa ní oṣù kẹjọ 2019, tí ó sì di oṣù kọkànlá ọdún kan náà tí a fi òfin de gbígbé epo lọ sí àwọn ilé-epo tí kò jìnnà sí ààlà ju kìlómítà 20 lọ, ìlú bí Ihunbo wà nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ náà bá gan-an. Oṣù kẹrin 2022 ni ẹnubodè Ìdírókò tó tún ṣí. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbé ọmọ tí kò lè jókòó wọ ọkọ̀ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí epo àìtó ń ṣe sí owó ọkọ̀.

Kò ṣeé sọ pé ìjọba kò fọhùn. Ìlànà Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè ti 1977 fi àyè sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àwọn akàndá, ọdún yẹn kan náà ni a sì dá kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ wọn sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Ní oṣù kìn-ín-ní 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tí ó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara sí ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kì í gbé ọmọ jókòó. Ẹni tí yóò gbé e jókòó gbọ́dọ̀ wà nítòsí, ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ fi máa ń padà sórí ẹgbẹ́ àti àwọn tí wọ́n ń darí rẹ̀ láìgba owó.

Yorùbá mọ iṣẹ́ àfọwọ́sowọ́pọ̀ tipẹ́tipẹ́. Ní àárọ̀, ẹni tí a bá bá roko lónìí yóò bá ẹlòmíràn ro tirẹ̀ lọ́la. Ní ọ̀wẹ̀, onílé yóò se oúnjẹ, àwọn ènìyàn yóò bá a mọlé, iṣẹ́ yóò sì parí. Ìtọ́jú akàndá kò bá èyíkéyìí dọ́gba: kì í tán, ẹni tí a sì ń ràn lọ́wọ́ lè má rí nǹkan kan san padà láéláé. Bóyá èyí ni ó fà á tí ó fi jẹ́ pé àwọn òbí tí ọ̀rọ̀ kàn ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1946, ìyá kan tí ó ń jẹ́ Judy Fryd kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn àwọn abiyamọ, ó ní kí àwọn òbí tí ọmọ wọn rí bí tòun jáde wá. Wọ́n jáde; ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ni ó di Mencap lónìí. Ní Èkó, Rose Mordi, tí òun náà jẹ́ ìyá, dá Down Syndrome Foundation Nigeria sílẹ̀ ní 2001. Femi Gbadebo, ọ̀gágun òfurufú tí ó ti fẹ̀yìn tì, àti ìyàwó rẹ̀ dá Benola sílẹ̀ ní 2013 nítorí àwọn ọmọ tí ó ní cerebral palsy, nítorí pé ọ̀kan wà nínú ilé tiwọn. Kò sí ẹni tí ó yan àwọn wọ̀nyí sípò. Ìrora ni ó yàn wọ́n.

Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀, ibi tí àwọn ẹgbẹ́ kì í sì í fẹ́ dé nínú ọ̀rọ̀ wọn nìyẹn. Ẹni tí kò gba kọ́bọ̀, tí ó ń fi ilé rẹ̀ ṣe ilé ìpàdé, tí ó ń fi owó ara rẹ̀ ra ọṣẹ àti ìtẹ́dìí, ta ni yóò bi í léèrè? Ìwé owó wà nínú àpò rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá ṣàìsàn, ẹgbẹ́ ṣàìsàn. Bí ẹnì kan bá ní kí a ka ìṣirò, wọn á ní aláìmoore ni. Ọ̀wọ̀ tí a ní fún oore rẹ̀ ti di ògiri tí ẹnikẹ́ni kò lè wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹni tí ó bá rò pé àsọdùn ni èyí, kí ó wo ìtàn L'Arche. Ní 1964, Jean Vanier, ọmọ Kánádà tí ó ti ṣe iṣẹ́ ológun ojú omi rí, kó lọ sí ilé kékeré kan ní Trosly-Breuil ní ilẹ̀ Faransé pẹ̀lú àwọn ọkùnrin tí òye wọn kò pọ̀, tí wọ́n ti wà ní ìhámọ́ ilé ìtọ́jú. Kò fẹ́ ṣe olórí wọn. Ó ní òun fẹ́ bá wọn gbé ni. Ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ tàn dé orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 30, ó sì ti dé Bouaké ní Côte d'Ivoire ní àwọn ọdún 1970. Ayé pè é ní ẹni mímọ́ lójú ayé rẹ̀. Ó kú ní oṣù karùn-ún 2019. Ní oṣù kejì 2020, L'Arche fúnra rẹ̀ gbé àbájáde ìwádìí jáde pé ọkùnrin yìí ti fi ipò rẹ̀ tan obìnrin mẹ́fà sínú ìbálòpọ̀ láàárín 1970 àti 2005. Ìwádìí kejì, ní 2023, sọ pé wọn kò dín ní 25. Àwọn obìnrin tí ìwádìí àkọ́kọ́ mẹ́nu bà kò sí lára àwọn akàndá tí L'Arche ń tọ́jú. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ronú kan àwọn tí kò lè sọ̀rọ̀ rárá, àyà rẹ̀ yóò já. Ohun méjì ni ìtàn yìí fi kọ́ni. Àkọ́kọ́, oore ńlá àti ìwà ibi lè máa gbé nínú ẹnì kan ṣoṣo, nítorí náà oore kì í ṣe ẹ̀rí tí ó yẹ kí ó dí ìbéèrè lọ́nà. Èkejì, ẹgbẹ́ náà kò tú ká, nítorí pé ó ní àwọn aṣáájú mìíràn tí wọ́n lè pàṣẹ ìwádìí lórí olùdásílẹ̀, tí wọ́n sì ní ìgboyà láti kéde ohun tí wọ́n rí.

Ní Bouaké yẹn náà ni ẹlòmíràn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ó ti sún mọ́ Ihunbo báyìí. Grégoire Ahongbonon, ọmọ Olómìnira Benin, atáyàṣe ni. Kì í ṣe dókítà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni ó ti ń tú àwọn aláìsàn ọpọlọ tí wọ́n so mọ́ igi tàbí tí wọ́n fi ṣẹkẹṣẹkẹ̀ dè sílẹ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀, Saint Camille, sì ní ilé ìtọ́jú ní Avrankou nítòsí Àjàṣẹ́, ní òdìkejì ààlà. Lóòótọ́, àìsàn ọpọlọ ni tirẹ̀. A ti sọ pé ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ohun tí ó yẹ kí a yá lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé ìtọ́jú wọ̀nyí jẹ́ aláìsàn níbẹ̀ rí. Ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ lánàá ni ó ń fún ẹlòmíràn ní oògùn lónìí.

Ǹjẹ́ ó ṣeé ṣe fún ẹni tí òye rẹ̀ kò pọ̀ láti wà nínú ìgbìmọ̀? Ní Oregon ní Amẹ́ríkà, ní 1974, irú wọn pe ìpàdé tiwọn, wọ́n sì sọ ẹgbẹ́ wọn ní People First, nítorí pé ènìyàn ni àwọn kí wọ́n tó jẹ́ ohun mìíràn. Àdéhùn Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti 2006, tí Nàìjíríà tẹ́wọ́ gbà ní 2010, sọ pé a kò gbọdọ̀ pinnu ọ̀rọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara láìfọ̀rọ̀ lọ̀ wọ́n. Ó gba sùúrù. A ó fi àwòrán han ẹni tí kò lè kàwé. A ó dúró kí ẹni tí ahọ́n rẹ̀ wúwo parí ọ̀rọ̀. Ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ rárá yóò fi ojú yan èyí tí ó fẹ́ nínú méjì. Ẹni tí ó jókòó tì í kò gbọdọ̀ bá a dáhùn. Èyí máa ń ṣòro fún àwọn òbí ju gbogbo ènìyàn lọ, nítorí ìfẹ́ ti sọ wọ́n di ẹnu ọmọ náà láti ìgbà tí wọ́n ti bí i.

Ní Ihunbo àti àwọn ìletò tí ó yí i ká, irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò tún ní ohun mìíràn láti rò. Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà ní 1889 la àárín ẹbí kọjá. Ìyá àgbà ọmọ lè wà ní Benin, bàbá rẹ̀ ní Ìpókíá. Ànàgó ni àwọn kan ń sọ nílé, Ègùn ni àwọn mìíràn ń sọ. Ìyá tí kò gbọ́ èdè ìpàdé kò ní bi akápò léèrè. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí a máa sọ ìpàdé ní èdè méjèèjì, kí orúkọ ọmọ sì máa wọ ìwé ní ìbámu pẹ̀lú ilé tí ó ń sùn.

Olùkọ́ ni wọn yóò kọ́kọ́ fi ṣe akọ̀wé, nítorí pé ó mọ̀wé kọ, yàrá ìkàwé sì ṣófo ní ọjọ́ Sátidé. Kí ó gbà, ṣùgbọ́n kí ó sọ iye ọdún tí yóò lò ní ọjọ́ tí ó gbà á. Kí igbákejì máa jókòó tì í láti ìpàdé àkọ́kọ́. Kí owó má ṣe jáde láìsí ọwọ́ ènìyàn méjì lórí ìwé, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe dá wà pẹ̀lú ọmọ nínú yàrá tí a ti ìlẹ̀kùn rẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹni tí gbogbo ìlú ń pè ní ẹni rere. Nígbà tí ọdún rẹ̀ bá pé, kí ó kó ìwé owó, ìwé orúkọ àti kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì níwájú gbogbo ìpàdé, kí wọ́n ka owó náà sókè, títí kan ti ọṣẹ.