ÈÉFÍN TÍ Ó RÉ ÒKUN KỌJÁ

Imí-ọjọ́ ń bẹ nínú èédú tí a ń wà nínú ilẹ̀. Nígbà tí a bá sun èédú náà, imí-ọjọ́ rẹ̀ a di afẹ́fẹ́ olóró; bí èyí bá sì bá ìkúùkù pàdé lókè, òjò tí yóò rọ̀ a máa kan. Robert Angus Smith, tí ó yẹ òjò ìlú Manchester wò, kọ̀wé nípa òjò kíkan yìí ní ọdún 1872. Ní Pitlochry, ní ilẹ̀ Scotland, òjò kan rọ̀ ní ọdún 1974 tí ó kan bí ọtí kíkan.

Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ti mọ oró èéfín náà ṣáájú. Láti ọjọ́ 5 sí ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1952, kùrukùru bo ìlú mọ́lẹ̀, ẹ̀fúùfù kò sì fẹ́ láti gbé èéfín lọ. Àwọn arúgbó, àwọn ọmọ ọwọ́, àti àwọn tí ó ní àrùn àyà ni ó kú jù. A ka òkú tó 4,000. Àwọn tí ó tún un ṣírò lẹ́yìn náà wí pé ó lè tó 12,000. Nítorí náà ni ìjọba ṣe òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ ní ọdún 1956.

Òfin náà dára. Ṣùgbọ́n ní àwọn ilé iṣẹ́ iná mànàmáná, òpó èéfín gígagíga ni a mọ, kí ẹ̀fúùfù ba lè gbé oró náà jìnnà. Níbo ni ó gbé e lọ? Ó gbé e ré òkun kọjá sí Nọ́wè àti Swídìn, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń gbá ìdọ̀tí ilé rẹ̀ sí ojúde aládùúgbò. Èéfín Jámánì àti ti Póláǹdì sì dé ibẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, òkúta líle ni ó wà nísàlẹ̀, kò sí ẹfun tí yóò pa oró omi kíkan. Òjò náà a máa fọ alumíníọ̀mù (èyí tí a fi ń ṣe ìkòkò) jáde láti inú erùpẹ̀ wá sínú adágún, a sì máa ba ibi tí ẹja fi ń mí jẹ́. Omi náà mọ́ gaara, ó dùn ún wò, ṣùgbọ́n ẹja ti tán nínú rẹ̀.

Svante Odén, ọ̀mọ̀wé ará Swídìn, ké gbàjarè ní ọdún 1967. Ó pẹ́ kí àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì tó gbà. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè kan fọwọ́ sí ìwé ní Helsinki ní ọdún 1985 láti dín èéfín imí-ọjọ́ kù ní ìpín 30 nínú 100, Gẹ̀ẹ́sì kò sí lára wọn. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 ni wọ́n pa iná ilé iṣẹ́ mànàmáná tí ó kẹ́yìn nínú àwọn tí ń sun èédú níbẹ̀. Òjò ti rọjú. Síbẹ̀ àwọn ará Swídìn ṣì ń da ẹfun lílọ̀ sínú ọ̀pọ̀ adágún wọn, kí ẹja ba lè yè.