Ṣé O Mọ̀? Fáìlì Kan, Ìlú Mẹ́ta

Ṣé o mọ̀ pé fáìlì kan ṣoṣo lè wà ní Ọ̀yẹ́, kó wà ní Ìkọ̀lé, kó tún wà ní Ìdó lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹni tó ń lò ó á sì máa rò pé inú kọ̀ǹpútà iwájú òun ló wà? Ohun tí wọ́n ń pè ní distributed file system nìyẹn: ọ̀pọ̀ sáfà tó da ààyè wọn pọ̀, tí wọ́n ń dáhùn bí ẹyọ kan. Àríwá Èkìtì gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí bá mu. Láti ọdún 2011 tí ìjọba àpapọ̀ ti dá yunifásítì FUOYE sílẹ̀, ìlú méjì ni yunifásítì náà ń gbé: sáyẹ́ǹsì wà ní Ọ̀yẹ́, iṣẹ́ ẹ̀rọ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ wà ní Ìkọ̀lé. Ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Ìdó. N kò sọ pé báyìí ni wọ́n ṣe to sáfà wọn o. Ìlú mẹ́ta yìí ni mo kàn fẹ́ fi ṣàlàyé.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn tó ṣe ètò yìí ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀rọ á bàjẹ́? Ní ọdún 2003, àwọn onímọ̀ Google kọ ọ́ gbangba pé ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú ni àwọn ń lò, ohun ojoojúmọ́ sì ni kí ọ̀kan kú nínú wọn. Nígbà náà, wọ́n ń gé fáìlì sí ègé 64 megabyte, wọ́n á fi ẹ̀dà mẹ́ta ègé kọ̀ọ̀kan sórí sáfà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Hadoop tẹ̀lé ìlànà yẹn (orúkọ erin ìṣeré ọmọ Doug Cutting, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe é, ni wọ́n fi sọ ọ́). Nínú Hadoop, sáfà kọ̀ọ̀kan ń ránṣẹ́ “mo wà” sí ọ̀gá wọn ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta-mẹ́ta. Bí ọ̀kan bá dákẹ́, ọ̀gá kì í tètè sunkún: ó di ìṣẹ́jú mẹ́wàá àbọ̀ kó tó kà á mọ́ òkú, kó tó ní kí wọ́n ṣe ẹ̀dà mìíràn.

Ikú sáfà ò le, nígbà náà. Èyí tó le ni kí sáfà méjì wà láàyè, kí wọ́n má gbọ́ ohùn ara wọn.

Ká ní katapílà àwọn tó ń ṣe títì já wáyà fiber láàárín Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé. Ọ̀yẹ́ rò pé Ìkọ̀lé ti kú. Ìkọ̀lé náà rò bẹ́ẹ̀ nípa Ọ̀yẹ́. Ní Ọ̀yẹ́, olùkọ́ kan sọ máàkì 48 di 52 nínú fáìlì èsì ìdánwò. Ní Ìkọ̀lé, akọ̀wé kan fi orúkọ márùn-ún kún fáìlì kan náà. Wọ́n tún wáyà ṣe nírọ̀lẹ́. Èwo ni ká gbà? Split-brain ni orúkọ àìsàn yìí: ọba méjì ti jẹ lórí ìlú kan lọ́jọ́ kan. Ohun tó sì ń yà mí lẹ́nu níbẹ̀ ni pé, lórí GlusterFS, ọ̀kan nínú irú ètò yìí, ẹni tó bá fẹ́ ṣí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ “Input/output error” ló máa rí. Ó jọ pé dísìkì ló kú, àwọn mìíràn á sì sáré lọ ra tuntun, bẹ́ẹ̀ dísìkì ò ní nǹkan kan tó ń ṣe é. Ènìyàn ló máa jókòó pinnu ẹ̀dà tí wọ́n á mú.

Ibí ni Ìdó ti wúlò. Ṣé o mọ̀ pé sáfà kẹta lè máa dá ẹjọ́ láìtọ́jú ohun tó wà nínú fáìlì kankan? Arbiter ni Gluster pè é: orúkọ fáìlì àti àmì àyípadà nìkan ló ń kó, nítorí náà ẹ̀rọ kékeré tó o. Bí wáyà bá já, ẹ̀gbẹ́ tó bá ṣì ń gbọ́ Ìdó ti di méjì nínú mẹ́ta, òun ló máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹ̀gbẹ́ kejì kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni kọ nǹkan sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n wo ọ̀nà o. Ẹni tó ń ti Ìkọ̀lé bọ̀ ní Ìdó, Ọ̀yẹ́ àti Ìfàkì ló ń gbà. Bí wáyà náà bá tẹ̀lé títì, Ìkọ̀lé ni yóò máa jẹ̀bi nígbàkigbà tó bá já láàárín òun àti Ọ̀yẹ́. Àfi kí Ìkọ̀lé ní ọ̀nà mìíràn sí Ìdó, bóyá láti orí máàsì.

(Leslie Lamport, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, fi ìtàn ìgbìmọ̀ aṣòfin erékùṣù Paxos ṣàlàyé irú ìfẹnukò yìí. Ọdún 1990 ló kọ́kọ́ fi ìwé náà ránṣẹ́, 1998 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Àwàdà ò tà lọ́wọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé.)

Ṣé o mọ̀ pé sáfà lè kú kí kọ̀ǹpútà rẹ má sọ ohunkóhun? NFS tí Sun Microsystems gbé jáde ní 1984 máa ń dúró de sáfà rẹ̀ títí láé, bí wọ́n bá so ó pọ̀ ní “hard”. Ará ICT tẹ “df -h” láti wo ààyè tó kù, ojú kọ̀ǹpútà dúró gbagidi. Ó tẹ Ctrl-C, kò mì. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà náà ló bàjẹ́: df ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo sáfà, ọ̀kan ò dáhùn. “cat /proc/mounts” ni kó tẹ̀, ìyẹn ò ní bi sáfà kankan.

NFS yìí kan náà, bí wọ́n bá fi sí ìlànà àtijọ́ rẹ̀, orúkọ ò jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀. Nọ́ńbà ló ń wò. Lórí Ubuntu, ẹni àkọ́kọ́ tó bá gba àkáǹtì, 1000 ni nọ́ńbà rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ní Ọ̀yẹ́ àti ẹni àkọ́kọ́ ní Ìkọ̀lé ti di ènìyàn kan náà nìyẹn, wọ́n sì lè ṣí fáìlì ara wọn láìmọ páásíwọọ̀dù kankan.

Aago ńkọ́? Ceph, ètò mìíràn bíi Gluster, máa ń ké gbàjarè bí aago àwọn sáfà olùdarí rẹ̀ bá fi ju ìṣẹ́jú-àáyá 0.05 lọ yàtọ̀ síra. Kerberos, tó ń yẹ ẹni tó fẹ́ wọlé wò, máa ń fara da ìṣẹ́jú márùn-ún ní tirẹ̀. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, kò ní jẹ́ kí o wọlé, páásíwọọ̀dù rẹ ì báà tọ̀nà. Bátìrì kékeré orí sáfà tó bá ti kú, tí iná wá lọ, ọdún àtijọ́ ni sáfà náà lè jí sí.

Iná, ẹ̀wẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 2019, ọ̀rọ̀ iná ló gbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bọ́ sí títì ní Ọ̀yẹ́, ẹ̀mí sì ṣòfò níbẹ̀. Kò sí ẹni tó máa to sáfà ládùúgbò yìí tí kò ní kọ́kọ́ ro ti iná. (Ìrè tí ìtàn so mọ́ Ògún wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́, ṣùgbọ́n irin tí à ń wí yìí, kì í jẹ ajá, iná ló ń jẹ.) Ṣé o mọ̀ pé Ceph máa ń fún dísìkì tó bá dákẹ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré? Lẹ́yìn ìyẹn, á bẹ̀rẹ̀ sí í da ẹ̀dà tuntun sórí àwọn tó kù. Bí jẹnẹrétọ̀ Ìkọ̀lé bá pẹ́ kó tó tan, sáfà tó kù lè ti máa ru ẹrù tí kò yẹ kó rù. Bí dísìkì kan bá sì kún dé ìdá 95 nínú 100, Ceph á dá ìkọ̀wé dúró. Kí ará ICT tètè tẹ “ceph osd set noout” kó tó lọ wá díísù. Kó rántí yọ ọ́ bí iná bá dé, torí bí kò bá yọ ọ́, dísìkì tó kú lóòótọ́ ò ní rí arọ́pò.

Ṣé o mọ̀ pé jíjìnnà máa ń pa fáìlì kéékèèké ju ńlá lọ? Ìmọ́lẹ̀ inú fiber ń rin nǹkan bí 200 kìlómítà ní ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Ọ̀yẹ́ sí Ìkọ̀lé kò tó 50. Ṣùgbọ́n bí ọgbà méjèèjì bá ra íntánẹ́ẹ̀tì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀rọ̀ wọn lè gba Èkó kọjá, ó sì ju 300 kìlómítà lọ láti ọgbà kọ̀ọ̀kan dé Èkó. Fáìlì 10,000 tí ìkọ̀ọ̀kan ń ná àlọ-àbọ̀ mẹ́rin á wá gba ìṣẹ́jú mẹ́rin, nígbà tí wáyà tààrà lè parí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá 20. Ìyẹn bí ohun gbogbo bá lọ dáadáa. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin já nítòsí Abidjan, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, títí kan iṣẹ́ báńkì ní Nàìjíríà ló ṣòjòjò. Fáìlì tó wà lórí sáfà Ìkọ̀lé kò ní mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀ lókun.

Ó sì ku èyí tí ọ̀pọ̀ kì í fẹ́ gbọ́: ọ̀pọ̀ ẹ̀dà kò ní gbà ọ́ lọ́wọ́ ara rẹ. Tẹ “rm” sórí fódà tí kò yẹ ní Ìkọ̀lé, kí o tó gbé ọwọ́ kúrò, ó ti pa rẹ́ ní Ọ̀yẹ́, àní Ìdó tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ náà á ti pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Dísìkì kẹrin tí wọn kò so mọ́ ẹ̀rọ kankan, tí wọ́n tì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ní Adó-Èkìtì, ló máa dá a padà, bí wọ́n bá rántí da ti ọ̀sẹ̀ yẹn sí i.